Omi Inú Rédíétọ̀: Ìtọ́jú Katakata àti Ààbò Kànga Wa ní Alímọ̀ṣọ́

  

Ìgbìmọ̀ tó ṣètò àpéjọ yìí ní kí n bá ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ̀yin oníkatakata àti ẹ̀yin mẹkáníìkì sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú katakata. Ọ̀rọ̀ náà gbòòrò, a ò sì lè sùn síbí. Mo wá mú ẹyọ kan níbẹ̀, èyí tí mo rí i pé a fojú kéré jù lọ: omi inú rédíétọ̀, bí a ṣe ń dà á nù nígbà tó bá gbó, bí a ṣe ń fọ ibi tó ti jáde, àti ibi tí ìdọ̀tí náà ń gbà lọ. Ohun tí mo wá sọ ni pé omi yìí kì í ṣe omi lásán, yálà nígbà tó ń wọlé tàbí nígbà tó ń jáde.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kan Alímọ̀ṣọ́ kan katakata. Oko àwọn baba wa, àwọn Àwórì, ni ilẹ̀ yìí nígbà kan, ṣùgbọ́n ilé ti gba ibẹ̀. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ ka èèyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́ nìkan. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tó ka tirẹ̀ sọ pé a jẹ́ 2,047,026. Síbẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sùn ní Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgándò ló ní oko lọ́nà Ọ̀tà, Ìlaró àti Àgbádárìgì. Oko wà lọ́hùn-ún, àmọ́ mẹkáníìkì wà níhìn-ín, ọjà Ládípọ̀ tí a ti ń ra ẹ̀yà ara ẹ̀rọ kò sì jìnnà sí wa. Bí katakata bá ṣàìsàn, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé e wá.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ ṣí ètò katakata 2,000 tí wọ́n kó wá láti Belarus. Inú mi dùn sí i. Ọkàn mi kò sí lórí bí wọ́n ṣe wọlé; ọdún kẹta, ọdún kẹrin lẹ́yìn tí wọ́n bá dé ni mò ń rò. Ẹni tó bá ti ya oko ìjọba àtijọ́ kan wò rí, ó ti rí katakata tó dúró sínú koríko, táyà rẹ̀ ti jẹrà, igi ti hù láàárín ìjókòó àti ọwọ́ ìdarí. Wọ́n a ní ẹ̀yà ara rẹ̀ ni kò sí. Lóòótọ́ ni nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi tú ẹ́ńjìnì rẹ̀ wò, kí ẹ wo iye rẹ̀ tó jẹ́ pé ooru ló pa á.

Iṣẹ́ tí omi náà ń ṣe

Dísù tó ń jó nínú ẹ́ńjìnì máa ń gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 2,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní ìṣẹ́jú tó ń bú. Irin tí wọ́n fi rọ ẹ́ńjìnì gan-an á ti yọ́ kí ooru tó débẹ̀. Omi ni kò jẹ́ kó yọ́. Bí ẹ bá da lítà mẹ́ta dísù sínú katakata, agbára bíi lítà kan ló ń túlẹ̀ fún yín. Bíi lítà kan ń bá èéfín gba sàlẹ́ńsà jáde. Èyí tó kù, omi ló ń gbé ooru rẹ̀ lọ sí rédíétọ̀ kí atẹ́gùn fáànù tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti katakata sì tún le ju ti ọkọ̀ lọ. Ọkọ̀ tó ń sáré lójú ọ̀nà máa ń rí atẹ́gùn gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Katakata tó ń túlẹ̀ kì í sáré ju ẹni tó ń yára rìn lọ, ó sì ń fi gbogbo agbára rẹ̀ fa ohun-ìtúlẹ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán, nínú eruku, nínú ìyàngbò, lábẹ́ òòrùn. Fáànù àti omi nìkan ni alátìlẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Irú omi tó dà sí i ló kù tí a ó wò.

“Ọ̀dọ̀ wa kò sí yìnyín”

Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń gbọ́ jù nìyí tí mo bá béèrè kúláǹtì, oògùn tí a ń pò mọ́ omi rédíétọ̀, lọ́wọ́ awakọ̀: pé ìlú òtútù ni wọ́n ti ń lò ó, pé omi kànga tàbí omi inú ọ̀rá ti tó wa. N kò fi ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà, nítorí pé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ló ṣe ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tọ̀nà, owó ńlá sì ti bá a lọ.

Kúláǹtì tí a bá pò mọ́ omi ní ìlàjì-ìlàjì kì í dì títí òtútù yóò fi kọjá ìwọ̀n 37 sísàlẹ̀ òdo. Ìyẹn kò kàn wá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òun kan náà kì í hó ní ìwọ̀n 100 bí omi; ó di nǹkan bí 107, ìdérí rédíétọ̀ tó sì ń fún un pọ̀ tún ń sún híhó rẹ̀ síwájú sí i. Ìwọ̀n díẹ̀ yẹn ló máa ń ya katakata tó parí iṣẹ́ ọjọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó jó gásíkẹ́ẹ̀tì orí ní agogo méjì ọ̀sán.

Iṣẹ́ rẹ̀ tó tóbi jù lọ kò tilẹ̀ jẹ mọ́ òtútù tàbí ooru. Wọ́n po àwọn èròjà kan mọ́ ọn tó ń dáàbò bo irin, bàbà, alumíníọ̀mù àti rọ́bà pọ́ǹpù. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì dísù, ara sílíìfù tí písítìnì ń lọ tó ń bọ̀ nínú rẹ̀ ni omi ń kan gbọ̀ngbọ̀n. Ní gbogbo ìgbà tí dísù bá bú, sílíìfù náà á gbọ̀n rìrì, gbígbọ̀n yẹn á sì máa dá èhó kéékèèké sílẹ̀ nínú omi. Bí èhó yẹn bá fọ́ mọ́ irin, ó ń bù ú jẹ. Bí ẹ bá yọ irú sílíìfù bẹ́ẹ̀, tí ẹ gbé e sójú òòrùn, ẹ ó rí ihò wínníwínní tó tò sí ẹ̀gbẹ́ kan, òmíràn nínú wọn á sì ti lu já. Omi ti rí ọ̀nà dé inú ọ́ìlì nìyẹn. Èròjà inú kúláǹtì ló ń tẹ́ awọ tín-ín-rín sára irin kí èyí má bàa ṣẹlẹ̀. Omi kànga kò ní irú rẹ̀.

Omi kànga wa ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ní bọ̀hóòlù ní Ìkòtún àti Ìgándò, ẹ wo inú garawa tí ẹ fi ń pọn ọ́n: pupa tó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ tí kànìnkànìn kò lè họ, irin tó wà nínú omi ni. Omi mìíràn ní ẹfun nínú. Bó bá ti ń gbóná, ẹfun náà á máa jókòó sínú ẹ́ńjìnì bó ṣe ń jókòó sísàlẹ̀ kẹ́tùrù tíì. Ooru kì í rí ara ẹfun kọjá wẹ́rẹ́. Wọ́n á ní rédíétọ̀ kún, wọ́n á ní fáànù ń yí, síbẹ̀ ẹ́ńjìnì ń gbóná, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé inú lọ́hùn-ún ló ti di.

Èròjà yẹn sì máa ń tán. Kúláǹtì irú ti àtijọ́ máa ń lò tó ọdún méjì. Irú tuntun kan wà tó ń lò tó ọdún márùn-ún. Àwọ̀ kì í sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún wa, kì í sì í sọ irú tó jẹ́, nítorí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń ro aró tó wù ú. Ẹ má po aláwọ̀ ewé mọ́ pupa nítorí pé méjèèjì jẹ́ kúláǹtì. Nígbà mìíràn wọ́n á ba iṣẹ́ ara wọn jẹ́, wọ́n a sì tún dì bí ẹ̀kọ. Ìwé tó bá katakata wá ni kí ẹ tẹ̀ lé, wákàtí iṣẹ́ tàbí ọdún, èyí tó bá kọ́kọ́ pé.

Dídà á àti fífọ̀ ọ́

Láàárọ̀ yìí, kí ẹ tó jókòó, àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ da omi inú katakata kan tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí. Mo ní kí wọ́n bu díẹ̀ sínú ìgò mẹ́ta, kí wọ́n kọ MÁJÈLÉ sára rẹ̀, kí wọ́n sì dí i pa. Ẹ máa gbé e yí ká, ẹ má ṣí i.

Ìgò kìn-ín-ní jáde láti ìsàlẹ̀ rédíétọ̀. Ó pọ́n bí ó ti pọ́n yẹn, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ṣì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ìgò kejì, ara ẹ́ńjìnì gan-an ló ti jáde, láti ojú bóòtù kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ gbọ̀n ọ́n díẹ̀: ẹ rí erùpẹ̀ dúdú tó ń rọra padà sísàlẹ̀ yẹn. Ìpẹtà ni. Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n ya ìgò méjèèjì sọ́tọ̀ nìyí: ọ̀pọ̀ wa ń ṣí táàpù kékeré abẹ́ rédíétọ̀, a rí i pé omi dá, a dì í padà, a ní a ti dà á. Omi inú ẹ́ńjìnì ṣì wà níbẹ̀, òun sì ni ìdọ̀tí rẹ̀ pọ̀ jù. Kúláǹtì tuntun tí ẹ ra lówó gọbọi á wọlé lọ bá a, ìpẹtà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èròjà rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ wá bóòtù yẹn. Òmíràn ti dì mọ́ ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì ní fẹ́ tú. Ẹ rọra fún un ní ọ́ìlì, ẹ dúró, kí ẹ tó tún un dán wò.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé ìdí bóòtù, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, èyí ni mo fẹ́ kí ẹ mú délé bí ẹ kò bá mú òmíràn. Ìdérí rédíétọ̀ tó gbóná ti há omi tó ju híhó lọ mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ṣí i, apá kan rẹ̀ á di oru lẹ́ẹ̀kan náà, á sì ti omi gbígbóná jáde, ojú àti àyà ẹni tó ṣí i ló sì ń bá. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ dúró títí ọwọ́ yín yóò fi lè gbé ara rọ́bà òkè láìsá. Ẹ fi àkísà bo ìdérí náà, ẹ yí i dé ìdúró àkọ́kọ́, kí èyí tó kù nínú rẹ̀ fẹ́ jáde, kí ẹ tó ṣí i tán.

Ẹ gbé bàsíà sábẹ́ rẹ̀, kí omi má kan ilẹ̀. Bí ó bá ti ń jáde, ẹ máa wò ó. Bó bá funfun bí ọ̀rá wàrà, tàbí tí òróró bá léfòó sójú rẹ̀, ọ́ìlì ti bá omi pàdé níbì kan, gásíkẹ́ẹ̀tì tàbí ibi tí ọ́ìlì ti ń tutù ni kí ẹ wá lọ. Fífọ̀ kò wo ìyẹn sàn. Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì mọ èyí jù mí lọ.

Lẹ́yìn tó bá ti dá tán, ẹ di gbogbo ojú rẹ̀, ẹ da omi mímọ́ kún un, pẹ̀lú oògùn ìfọ̀ rédíétọ̀ bí ó bá wà, kí ẹ sì tan ẹ́ńjìnì. Ìṣẹ́jú méjì-mẹ́ta kò tó. Ẹ jẹ́ kó gbóná títí tẹ́mósítáàtì á fi ṣí, ní nǹkan bí ìwọ̀n 82 sí 88 nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, nítorí bí kò bá tíì ṣí, omi ìfọ̀ náà kò lè rìn yí ká dé rédíétọ̀. Ọwọ́ yín á mọ̀ ọ́n: rọ́bà òkè tó tutù tẹ́lẹ̀ á gbóná lójijì. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ sí i, ẹ pa á, ẹ dúró kó tutù pátápátá, ẹ dà á. Ẹ tún un ṣe títí ohun tó ń jáde á fi mọ́ gaara bí ti ìgò kẹta yẹn. Ẹ má ṣe lo ọṣẹ ìfọṣọ, torí ìfóòfó rẹ̀ ń há atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnì. Ẹ má ṣe lo ásíìdì bátìrì, torí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìdọ̀tí àti alumíníọ̀mù. Ẹ má sì ṣe da omi tútù sínú ẹ́ńjìnì tó ń jó bí iná. Mo mọ̀ pé lóko, nígbà tí oru bá ń tú jáde, ẹ̀rù á bani, odò sì wà nítòsí. Irin tó gbóná tó bá pàdé omi tútù lójijì ló máa ń là, orí ẹ́ńjìnì tó bá sì ti là, ó di owó ẹ́ńjìnì mìíràn.

Kí ẹ tó da tuntun sí i, ẹ wo rédíétọ̀ náà láti òde. Koríko àti ìyàngbò ti há sáàárín àwọn ewé rẹ̀. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn tàbí omi wẹ́rẹ́ sí i láti ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì síta, kí ìdọ̀tí lè padà gba ibi tó gbà wọlé. Ẹ tẹ rọ́bà kọ̀ọ̀kan wò. Èyí tó bá rọ̀ jù tàbí tó ti sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ báyìí tí omi kò sí nínú rẹ̀. Ẹ wo bẹ́líìtì fáànù àti rọ́bà inú ìdérí.

Nígbà tí ẹ bá ń da kúláǹtì tuntun kún un, ọgbọ́n kan wà níbẹ̀. Omi ìfọ̀ kì í jáde tán. Díẹ̀ ń kù ní kọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì. Bí ìwé katakata yín bá ní lítà 14 ni yóò gbà, ẹ kọ́kọ́ da lítà 7 kúláǹtì pọ́nńbélé sí i, kí ẹ tó fi omi kún èyí tó kù. Bẹ́ẹ̀ ni ìlàjì-ìlàjì á ṣe pé. Omi bátìrì ló dára jù, ìyẹn omi mímọ́ tí kò ní irin tàbí ẹfun, ṣùgbọ́n kí ẹ rí i dájú pé kì í ṣe ásíìdì ni wọ́n tà fún yín. Bí kò bá sí, omi òjò tí ẹ gbè síta gbangba sàn ju ti kànga lọ. Ẹ rọra dà á, kí atẹ́gùn lè máa jáde, ẹ tan ẹ́ńjìnì láìdé e, ẹ jẹ́ kí tẹ́mósítáàtì ṣí, omi á wálẹ̀, ẹ fi kún un, ẹ wá dé e. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tó bá tutù, ẹ tún un wò.

Mo ti dárúkọ tẹ́mósítáàtì nígbà tó pọ̀, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ katakata tó ń túlẹ̀ lónìí, wọ́n ti yọ ọ́ sọnù. Wọ́n ní ooru wa kò nílò rẹ̀. Ẹ dákun, ẹ dá a padà. Ẹ́ńjìnì tí kò gbóná tó kì í jó dísù rẹ̀ tán. Èyí tí kò jó á máa ṣàn lọ po ọ́ìlì, ríǹgì á sì máa jẹ. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, tẹ́mósítáàtì yẹn náà ló ń dí ọ̀nà àbùjá tí omi gbígbóná lè gbà padà láì dé rédíétọ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́, omi kan á máa gba àbùjá lọ, ibi kan nínú ẹ́ńjìnì á sì máa gbóná níbi tí gééjì kò lè rí i.

Ibo ni ìdọ̀tí ń lọ?

Gọ́tà ni ìdáhùn, àbí? Kí a bá ara wa sọ òótọ́. Gọ́tà, tàbí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tó pọ̀ jù nínú kúláǹtì ni ethylene glycol. Ó dùn lẹ́nu. Ibi tí ewu rẹ̀ wà nìyẹn: ajá á lá a, ewúrẹ́ á mu ún, ọmọdé tó tọ́ ọ wò á tún fẹ́ sí i. Nǹkan bíi mílílítà 100 rẹ̀ lè pa àgbàlagbà; ti ọmọdé kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó mu ún á kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tó mutí yó, a ó sì rò pé kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á wá sọ ọ́ di ásíìdì, èyí tó ń di kírísítà wínníwínní nínú kíndìnrín. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, kíndìnrín á dáṣẹ́ sílẹ̀.

Àwa ní orílẹ̀-èdè yìí ti rí ohun tí ẹbí rẹ̀ ṣe. Ní ọdún 2008, wọ́n rí diethylene glycol nínú oògùn eyín ọmọ tí wọ́n ń pè ní My Pikin. NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, gbé e kúrò lọ́jà, ṣùgbọ́n ọmọ 84 ló kú nídìí rẹ̀. Àwọn ìyá tó fún wọn lóògùn náà, ìfẹ́ ló mú wọn ṣe é. Nígbà tí mo bá rí kúláǹtì ògbólógbòó nínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mẹkáníìkì, tí ọmọ ẹni tó ń ta oúnjẹ ń ṣeré níbẹ̀, àwọn ọmọ yẹn ni mo máa ń rántí.

Bí ẹnikẹ́ni bá mu ún, epo pupa kò lè yanjú rẹ̀, kí a fi ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kò sì lè yanjú rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ilé-ìwòsàn gbogbogbòò Alímọ̀ṣọ́ wà ní Ìgándò níbí. Ẹ mú kẹ́ẹ̀gì tí kúláǹtì náà wà nínú rẹ̀ dání kí dókítà lè mọ ohun tó ń bá jà, nítorí oògùn tó ń dá a dúró wà bí a bá tètè dé.

Ti ilẹ̀ ńkọ́? Bó bá jẹ́ kúláǹtì tuntun, kòkòrò inú ilẹ̀ lè jẹ ẹ́ tán bó bá yá. Ṣùgbọ́n ògbólógbòó ti kó òjé àti bàbà láti ara rédíétọ̀ mọ́ra, ìyẹn kò ní ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Èèyàn tó ju mílíọ̀nù kan lọ la jẹ́ níhìn-ín, ọ̀pọ̀ ilé wa sì ń mu omi abẹ́ ilẹ̀ yìí kan náà. Ààtàn Solous tó wà ní Ìgándò ti tó wa í bá yí. Ẹ má ṣe kó èyí lọ kún un.

Ẹ wá kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí líle, ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára rẹ̀, ẹ tì í mọ́ ibi tí ọmọdé kò lè dé. Ẹ má po ó mọ́ ọ́ìlì dúdú. Ẹni tó ń ra ọ́ìlì yẹn kò ní gbà á mọ́. Ẹni kan ṣoṣo kò lè dá wá ibi tó máa kó kẹ́ẹ̀gì kan lọ, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ lè ṣe é. Mo fẹ́ bẹ ẹ̀yin olóyè ẹgbẹ́ yìí níwájú Kábíyèsí tó wà láàárín wa: ẹ jẹ́ kí àgbá kan wà ní ọgbà ẹgbẹ́ tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ á máa da tiwọn sí, kí ẹ sì kọ̀wé sí LASEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kí wọ́n fi ẹni tó ní ìwé àṣẹ láti kó o hàn yín. Mo ṣe tán láti bá yín kọ lẹ́tà náà lọ́sẹ̀ yìí.



    Katakata tí wọ́n da omi rẹ̀ láàárọ̀ yìí ṣì wà níta, bóòtù ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí. Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i, kó bá mi kálọ kí wọ́n tó dì í.